Ọjọ́ Kan Ní Florence, àti Ọkọ̀ Wa Tí Kì Í Tutù

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán Sátidé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán. Àwa mẹ́ta ni a wà ní pálọ̀ mi ní Accokeek, ní òkè òkun níhìn-ín: èmi, Sàídátù ọmọ mi, àti Múrítàlá ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ́sálásí wa ni ẹ ní kí àwa tí a ti pẹ́ níhìn-ín sọ bí ayé ṣe rí nígbà tí a kọ́kọ́ dé. Mi ò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n irú ayé tí a gbé nígbà náà ti lọ, púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ gbé e ti padà sílé, àwọn mìíràn ti kú. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ í sọ púpọ̀. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ dáadáa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán Sátidé yẹn, torí ohun tí mo rí níbẹ̀ ló mú mi rántí ìyókù. Ìjowú ló mú mi rántí, kì í ṣe nǹkan mìíràn.

Àwọn méjèèjì ti lọ sinmi ní Ítálì kí oyún Sàídátù tó tóbi jù. Ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n lò ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Florence, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n wá fi hàn mí. Múrítàlá so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Olùkọ́ ìṣirò ni, ó máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan tò létòlétò. Nọ́ọ̀sì ni Sàídátù, bíi ti ìyá rẹ̀. Ó jókòó sórí àga ìyá rẹ̀ láìbéèrè, ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì.

"Dádì, ẹ wo afárá yìí. Ṣọ́ọ̀bù ló kún orí ẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń tà lórí omi?"

"Góòlù."

"Lórí afárá?"

"Lórí afárá ni, sà," ni Múrítàlá wí. "Ọmọ yín ò fẹ́ kọjá mọ́. Iwájú gíláàsì kan ló dúró sí bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀."

"Irọ́ lo ń pa, Múrí. Ìwọ lo ní kí n fi òrùka yẹn sọ́wọ́ wò."

"Mo ní kí o fi sọ́wọ́ wò. Mi ò ní kí o má bọ́ ọ mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà náà ni àwòrán mìíràn jáde. Ilé ìjọsìn ńlá kan ni. Òrùlé rẹ̀ pupa, ó rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo mọ òrùlé yẹn.

Ní Seat Pleasant, níbi tí a kọ́kọ́ gbé, òrùlé yẹn wà lára fìríìjì wa. Rábíátù, ìyá Sàídátù, ló gé e lára kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan. Arúgbó obìnrin ará Ítálì kan tó ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn ló fún un. Obìnrin náà máa ń sọ fún un pé ní ìlú òun, èèyàn lè jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán títí oòrùn á fi kúrò lórí tábìlì, kò sì sẹ́ni tí yóò ní kó dìde. Nínú ọkọ̀ ni Rábíátù ti sọ ọ́ fún mi. Ó ní, "Bàbá Sàídátù, ẹ ó mú mi débẹ̀ o." Mo ní, "Tí ọmọ bá wọ ilé ìwé." Nígbà tí ọmọ wọ ilé ìwé, mo ní, "Tí o bá kúrò ní iṣẹ́ alẹ́." Ọdún tó kúrò ní iṣẹ́ alẹ́ ni àìsàn dé. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tí a sin ín.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ yìí, torí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, oníkálukú yín ló ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ kan ni èmi àti ìyàwó mi ní. Ó ti gbó. Bẹ́líìtì rẹ̀ máa ń ké fíìn-fíìn ní òwúrọ̀ títí tí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, àwọn ará ilé òkè máa ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ mọ́ wa lórí. Rábíátù ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn. Èmi ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ní ibi tí wọ́n ń kó búrẹ́dì pamọ́ sí. A fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọmọ má baà wà lọ́wọ́ àjèjì. Bí ọ̀kan bá ń jáde, èkejì ń wọlé. Púpọ̀ nínú àwa ará Nàìjíríà tó wà níbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ní ìdájí, ẹ ó rí àwa ọkùnrin níwájú ilé ìwòsàn, ọkọ̀ ní ìlà, ẹ́ńjìnnì ń dún, ooru ń rú jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn ọmọ wa á máa sùn lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ oorun lára. A ó sọ gíláàsì kalẹ̀, a ó kí ara wa. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú bàtà funfun, wọn á máa rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Rábíátù á wọlé, á ní, "Ẹ kúure, Bàbá Sàídátù," á wẹ̀yìn wo ọmọ, á sì tú bàtà. Mo máa wa ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́ mi, mo máa sọ̀ kalẹ̀, òun á bọ́ sí ìjókòó mi, á wa ọmọ lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́, òun á wá gbé mi, èmi á gbé e lọ. Láti ilé ìwòsàn dé ibi búrẹ́dì, kò jìnnà. Ibẹ̀ ni gbogbo ìgbéyàwó wa wà. Tí ẹ bá fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yẹn nígbàkigbà, á gbóná. Mi ò rántí ọjọ́ tó tutù.

"Dádì, ṣé ẹ ń wò ó?" ni Sàídátù wí.

Mo ní mò ń wò ó.

Múrítàlá ní òun ni òun gun òkè òrùlé pupa náà, torí wọn kò fẹ́ kí aláboyún gba àtẹ̀gùn tóóró yẹn. Sàídátù dúró nísàlẹ̀, ó ń lá áísìkiriìmù. Wọ́n ti jọ pinnu pé tí Múrítàlá bá dé òkè, kó juwọ́.

"Mo juwọ́ títí apá mi fi ń ro mí," ni Múrítàlá wí. "Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí i tó ń juwọ́ padà. Inú mi dùn. Àṣé ọkùnrin mìíràn ló ń juwọ́ sí!"

"Aṣọ búlúù ló wọ̀! Ìwọ náà wọ búlúù!"

"Ó pá lórí, Sàídá. Orí ẹ̀ ń dán."

"Láti ìsàlẹ̀, gbogbo yín kéré bí ìrẹsì. Ọkùnrin yẹn kúkú juwọ́ padà. Èèyàn dáadáa ni."

"Ẹ gbọ́ o, Bàbá. Ó ní èèyàn dáadáa ni."

Múrítàlá ń pariwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára Sàídátù. Mo wo bó ṣe ń wò ó. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà ní èjìká ìyàwó rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti jókòó. Inú mi kò dùn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo dìde, mo lọ po tíì.

Nígbà tí mo padà, wọ́n ti dé ibi oúnjẹ. Ọkùnrin kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú ìkòkò ńlá, ó ń fi nǹkan há àárín búrẹ́dì fún wọn.

"Kí ni wọ́n fi há a?"

"Ẹ wò ó dáadáa, Dádì."

Mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo wọ awò ojú mi. "Ṣàkì nìyí."

"Ṣàkì ni!" Múrítàlá pàtẹ́wọ́. "Mo sọ fún ọmọ yín pé Bàbá á mọ̀ ọ́n. Wọ́n sè é rọ̀, wọ́n rọ ata aláwọ̀ ewé lé e lórí. Ata náà ò ta rárá, ìyẹn nìkan ló kù díẹ̀ káàtó."

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, sà. A jẹ ẹ̀ tán, a tún padà lọ rà sí i."

Wọ́n fi ṣàkì sínú búrẹ́dì, wọ́n jẹ ẹ́ ní ìdúró, wọ́n sì tún lọ jókòó jẹ oúnjẹ mìíràn. Àwòrán ìjókòó yẹn ni wọ́n fi hàn mí kẹ́yìn. Tábìlì kékeré kan ní ìta, aṣọ funfun lórí rẹ̀, àwo méjì. Ní àwòrán àkọ́kọ́, oòrùn kún orí tábìlì. Ní èkejì, oòrùn ti dé ìdajì. Ní ẹ̀kẹta, òjìji ti bo gbogbo rẹ̀, àwọn méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, Sàídátù ti bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe látìgbà yẹn.

"A ń sọ̀rọ̀," ni Sàídátù wí.

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "A ò rántí, Dádì."

Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ, ẹ̀yin ọmọ. Kì í ṣe afárá ni mo jowú, kì í ṣe góòlù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbàgbé yẹn ni. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè sọ ọ́ nù sórí tábìlì kan. Èmi kò gbàgbé ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí èmi àti Rábíátù sọ nínú ọkọ̀ yẹn, torí wọn kò pọ̀.

A kì í jẹun papọ̀. Ẹni tó bá wà nílé ló máa se oúnjẹ, á jẹ ìdajì, á fi ìdajì sínú fúláàsì fún ẹni tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán, bí ebi ti wù kó pa á tó. Tí Rábíátù bá rí ẹran tó rọ̀, ìsàlẹ̀ fúláàsì tèmi ló máa ń tẹ̀ ẹ́ sí kí n bá a kẹ́yìn. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Nígbà mìíràn, ẹran kan náà ló máa ń lọ tó máa ń bọ̀ láàárín wa títí tí yóò fi fẹ́ bàjẹ́.

Ọdún Iléyá kan wà tí kò sẹ́ni tó rí ààyè gbà nínú wa. Pápá ni wọ́n ti kírun, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kí i torí èrò pọ̀. Rábíátù ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, ó kí ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú bàtà funfun rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi dúró níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó kí mi kú ọdún, ó wọ inú ọkọ̀ lọ sùn. Èmi gbé ọmọ kí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ni ọdún wa. Aṣọ tuntun tó wọ̀ lábẹ́ aṣọ iṣẹ́, etí rẹ̀ nìkan ni mo rí.

Àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n ti tán. Sàídátù gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ nǹkan.

"Dádì, a ní ọ̀rọ̀ kan. Nípa bébì."

"Mò ń gbọ́."

"Mo fẹ́ lọ sí iṣẹ́ alẹ́. Lẹ́yìn tí mo bá bímọ. Múrí á wà pẹ̀lú ẹ̀ lálẹ́, èmi á wà pẹ̀lú ẹ̀ lọ́sàn-án. Kò ní wà lọ́wọ́ àjèjì."

Múrítàlá ní, "Bí ẹ̀yin àti Màámi ṣe ṣe é náà ni, sà. Ẹ sì yege. Ẹ wo ọmọ tẹ́ ẹ tọ́. A kàn ní ká kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu yín ni. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń retí èsì ẹ̀ níbi iṣẹ́. Tí ẹ bá ní kò dáa, a ò ní ṣe é."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ sí ọwọ́ mi. Èmi ni kí n sọ ọ́. Ó ti dé ètè mi pé, "Ó dáa, ẹ máa ṣe é." Mo fẹ́ sọ ọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ń ṣe mí bíi pé tí wọ́n bá ṣe é, Florence tiwọn á dópin, a ó jọ dọ́gba. Ọkọ̀ tiwọn náà á máa gbóná. Tí ọmọ wọn bá dàgbà, tó bá lọ jókòó ti tábìlì níbì kan, àwọn náà á mọ bó ṣe ń rí.

Mo mu tíì mi. Mo wo Sàídátù lórí àga ìyá rẹ̀. Dípò kí n sọ ọ́, ohun tí mi ò sọ fún un rí ni mo sọ.

Mo sọ fún wọn pé ìyá rẹ̀ máa ń fi ìrọ̀rí méjì sábẹ́ kúbùsù ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lórí ibùsùn kó tó lọ síṣẹ́. Ó ní kí ibùsùn má baà dà bí òfìfo fún mi. Ó ti mọ́ mi lára. Mo máa ń sùn ti ìrọ̀rí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, aláìsàn kò pọ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí ó padà sílé. Ẹnìkan fi ọkọ̀ gbé e wálé. Kò jí mi. Ó kó ìrọ̀rí kúrò, ó sùn sí ààyè rẹ̀, ó fi kúbùsù borí.

Ní ìdájí, mo dìde nínú òkùnkùn bí mo ti máa ń ṣe. Mo kírun Sùbúì ní pálọ̀. Mo gbé ọmọ láti ibùsùn kékeré rẹ̀, mo gbé e sínú ọkọ̀, mo lọ gbé ìyàwó mi. Mo tò sí ìlà. Àwọn obìnrin ń jáde. Ọkọ̀ kan lọ, òmíràn lọ. Ó ku èmi àti ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá kan gíláàsì mi.

"Bàbá Sàídátù, ta lẹ ń dúró dè?"

"Ìyá Sàídátù ni."

"Wọ́n ti ní kó máa lọ sílé látàná."

"Ilé wo?"

Ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ náà gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé ìdarí ọkọ̀ rẹ̀, hóònù sì ké. Ó ní, "Ẹ padà lọ wo abẹ́ kúbùsù dáadáa, Bàbá! Ẹ ti sọ ìyàwó nù sórí ibùsùn!" Gbogbo ọdún yẹn ló fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí mo délé, Rábíátù jókòó sí etí ibùsùn. Ó ti jí, kò rí ọmọ, kò rí ọkọ, kò rí ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí mi ni?" Mo ní, "Mo rò pé ìrọ̀rí ni ọ́." Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ́. Nígbà tó yá, mo rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín ló ń rín mọ́. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó sì ti tó àkókò iṣẹ́ mi. Mo lọ.

Sàídátù ní, "Dádì, ìrọ̀rí méjì yẹn ṣì wà lórí ibùsùn yín. Mo rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn yín."

"Rárá," ni mo wí.

Múrítàlá mú fóònù rẹ̀, ó tún fi í sílẹ̀. Ó ní, "Kí wá ni ká ṣe, sà? Ọmọ ò lè dá wà. Ìyá mi wà ní Ìbàdàn."

Mo ní, "Ẹ má tíì fèsì fún wọn." Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lọ kí Màgàríbì tó tó. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé, Múrítàlá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún Sàídátù, ó dúró títí ìyàwó rẹ̀ fi jókòó dáadáa. Ìjowú tún mú mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tètè dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mi. Mo bá ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì. Mo ní kó mú mi kúrò ní iṣẹ́ òwúrọ̀, kó gbé mi sí ti ìrọ̀lẹ́, kí n lè wà pẹ̀lú ọmọ ọmọ mi láti ìdájí títí tí ilé ìwé bàbá rẹ̀ á fi parí lọ́sàn-án, kí ìyá rẹ̀ má baà lọ sí iṣẹ́ alẹ́. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń bẹ òun kí òun mú wọn kúrò ní ti ìrọ̀lẹ́, ṣé mi ò ní ẹni tó ń retí mi nílé ni. Mo ní kò sí. Ó ní ó ti gbà.

Mo padà sínú ọkọ̀ mi. Fúláàsì ńlá wà ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Láti ìdájí ni mo ti se ṣàkì, mo fi ata gidi sí i, mo gbé búrẹ́dì tì í. Mi ò bu ìdajì kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó sínú fúláàsì. Mo wa ọkọ̀ lọ sí ilé wọn ní Upper Marlboro.

Kọ́tìnì wọn ṣì wà ní pípadé. Ọkọ̀ wọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú ilé, ìrì bo gíláàsì wọn. Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ti Múrítàlá. Ó tutù. Mo fọwọ́ kan ti Sàídátù. Ó tutù. Àwọn méjèèjì wà nínú ilé, wọ́n sùn.

Mo jowú wọn. Mo rọra gbé fúláàsì sí ẹnu ilẹ̀kùn, mi ò tẹ aago, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ mi á dúró títí wọ́n á fi jí, mo sì yí ọkọ̀ mi padà.